XControl inú LabVIEW: ta ló yẹ kó lò ó, ta ló yẹ kó yà fún un

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní kà á dópin: XControl, ìyẹn bọ́tìnì, gééjì tàbí àwòrán téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe fún páńẹ́ẹ̀lì inú LabVIEW, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, dáa, ó dáa gan-an ni, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ náà lẹ máa lò ó, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹni tó ń kọ nǹkan táwọn ẹlòmíì máa gbé sórí páńẹ́ẹ̀lì tiwọn ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ẹlòmíì tí ò tiẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ rárá. Ìyókù, àlàyé ni.

Fún ẹni tí ò bá LabVIEW pàdé rí, ilé iṣẹ́ National Instruments ní Austin, Texas, ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. 1986 ló kọ́kọ́ jáde, orí Macintosh nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Jeff Kodosky ni wọ́n máa ń pè ní bàbá ẹ̀. Èdè tó wà nínú ẹ̀ ń jẹ́ G, kì í ṣe pé à ń tẹ lẹ́tà sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ o, àpótí kéékèèké là ń tò, a ó wá fi wáyà so wọ́n pọ̀, inú wáyà yẹn sì ni dátà ń gbà kọjá. Wáyà aláwọ̀ ọsàn fún nọ́ńbà tó ní pọ́ìǹtì, búlúù fún nọ́ńbà odindi, gíríìnì fún bẹ́ẹ̀ni-àbí-bẹ́ẹ̀kọ́, pínkì fún ọ̀rọ̀. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, VI ni wọ́n ń pè é, ojú méjì ló ní: front panel níwájú, níbi tí bọ́tìnì, gééjì àti gíráàfù wà, àti block diagram lẹ́yìn, níbi tí wáyà wà. Tí ọmọ yín bá ti fi LEGO Mindstorms NXT tàbí EV3 ṣeré rí, sọ́fítíwia tó fi ń to búlọ́ọ̀kù fún róbọ́ọ̀tì yẹn, orí LabVIEW ni wọ́n kọ́ ọ lé, kódà My Block tó wà níbẹ̀, ọ̀nà àtikó búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá sínú ẹyọ kan ni, ìyẹn ni pé àwọn ọmọdé gan-an ti ń ṣe ohun tá a fẹ́ sọ yìí tipẹ́. Ní 2023 ni Emerson ra National Instruments ní bílíọ̀nù 8.2 dọ́là, tẹ́ ẹ bá wá ń rí orúkọ Emerson lára ẹ̀ báyìí, ẹ má jáyà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sídìí ọ̀rọ̀. Táǹkì omi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni mo fi ń dán gbogbo nǹkan yìí wò. Táǹkì wà lókè, sẹ́ńsọ̀ wà nínú ẹ̀, pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀. Lórí páńẹ́ẹ̀lì, ẹ fẹ́ kí àwòrán táǹkì náà máa kún bí omi ṣe ń kún, kó pupa tó bá fẹ́ ṣàn dànù, kó di yẹ́lò tó bá ti ń gbẹ, kí ẹni tó ń lò ó sì lè fọwọ́ ara ẹ̀ yí ibi tí pupa àti yẹ́lò ti máa bẹ̀rẹ̀. Táǹkì kan ṣoṣo, kékeré niṣẹ́ ẹ̀. Tó bá wá di mẹ́fà ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́pì, wọ́n á péésìtì, wọ́n á tún péésìtì, wáyà á wá lọ́ mọ́ra wọn débi pé ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò ní mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sídìí, lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá wá ní òun ò fẹ́ yẹ́lò mọ́, búlúù lòun fẹ́, ibi mẹ́fà lẹ máa wá lọ, ibi kan tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé, òun gan-an lọ̀gá máa kọ́kọ́ tẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn lò kì í ṣe XControl, type def ni. Ẹ gbé kọ́ńtíróòlù yín, ìyẹn bọ́tìnì, gééjì tàbí àwòrán táǹkì, sórí páńẹ́ẹ̀lì, ẹ right-click ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di type def, ó di fáìlì .ctl lọ́tọ̀, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá ti lò ó, fáìlì kan yẹn ni gbogbo wọn ń wò. Oríṣi méjì ló wà o. Type Def lásán, irú dátà inú ẹ̀ nìkan ló ń dè, ẹnikẹ́ni ṣì lè fa á gùn tàbí kó yí kálà ẹ̀ padà níbi tó gbé e sí. Strict Type Def ló ń de ìrísí ẹ̀ náà mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá yí i padà nínú fáìlì, gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ló máa yí padà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan kálà ẹ̀ níta. Fún bíi ìdajì iṣẹ́ tí mo máa ń rí táwọn èèyàn ń gbé XControl sí, Strict Type Def ti tó. Mi ò sọ̀rọ̀ yìí láti fi bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n type def ò lè ronú. Kò lè wo omi kó sọ pé ó ti ju ààlà lọ kó wá pupa. Ẹ ṣì máa kọ ìyẹn sínú VI tẹ́ ẹ gbé e sí, ìyẹn ni pé ìrísí ẹ̀ wà nínú fáìlì kan, ìwà ẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ibi tí XControl ti wọlé nìyẹn. Láti LabVIEW 8.0, ní 2005, ló ti wà, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń kó ìrísí àti ìwà sínú ẹyọ nǹkan kan, tẹ́ni tó fẹ́ lò ó bá fà á sórí páńẹ́ẹ̀lì, ó kàn máa rí táǹkì, wáyà kan ló máa fà lọ síbẹ̀, ó tán. Kálà á máa yí fúnra ẹ̀. Kò sí kóòdù kankan lọ́dọ̀ ẹni yẹn.

Tẹ́ ẹ bá right-click My Computer nínú pọ́rójẹ́ẹ̀tì yín, tẹ́ ẹ yan New, tẹ́ ẹ yan XControl, nǹkan mẹ́rin ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Data ni ohun tó ń gba inú wáyà kọjá, ti táǹkì wa, nọ́ńbà kan lásán ni, ìwọ̀n omi. State ni gbogbo nǹkan yòókù tó kan ìrísí àmọ́ tí kì í ṣe dátà: ààlà òkè, ààlà ìsàlẹ̀, àwọn kálà. Init ló ń ṣètò State nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀ tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣí VI tó wà nínú ẹ̀. Facade lọ̀gá pátápátá, front panel tiẹ̀ lojú tí gbogbo ayé ń rí, block diagram ẹ̀ lọpọlọ. Mo gbádùn bí wọ́n ṣe ya Data sọ́tọ̀ sí State yẹn gan-an, torí ó ń fipá mú yín ronú kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan: ṣé ààlà pupa yìí, dátà ni àbí ìṣètò? Tẹ́ ẹ bá fi í sí Data, gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà bá wọlé lẹ gbọ́dọ̀ tún máa fi ààlà ránṣẹ́, ìyẹn ò bọ́gbọ́n mu. Tẹ́ ẹ bá fi í sí State, á máa bá VI tí wọ́n gbé e sí lọ, tí wọ́n bá ti séèfù, ó wà níbẹ̀, táǹkì kìíní lè ní ààlà tiẹ̀, ìkejì náà á ní tiẹ̀.

Facade lẹ ti máa lo àkókò yín jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bọ́hùn. Kì í ṣe lúùpù tó ń yí láti àárọ̀ dalẹ́ bíi ti àwọn VI tá a ti mọ̀. Bíi ìyá tó ń tajà nínú ilé ló rí: ẹ kàgò, ó jáde, ó ta ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ó padà wọlé. Nínú ẹ̀ ẹ máa bá while loop (lúùpù tó ń yí títí wọ́n á fi dá a dúró) pẹ̀lú event structure (àpótí tó ń dúró de event, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀) tí timeout ẹ̀, àkókò tó fi ń dúró, jẹ́ 0. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, LabVIEW á pè é, á ṣe iṣẹ́ yẹn, tí kò bá sí èyí tó kù, Timeout á dá lúùpù dúró, ó parí nìyẹn títí dìgbà tí wọ́n bá tún pè é. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rántí fún ìgbà míì, inú State ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá wá lọ fi Wait síbẹ̀, tàbí ìṣirò tó ń pẹ́, tàbí kẹ́ ẹ ní kó lọ ka sẹ́ńsọ̀ láti ibẹ̀, gbogbo páńẹ́ẹ̀lì ló máa dì gbagidi, ẹni tó ń lò ó á máa tẹ bọ́tìnì lásán.

Event mẹ́rin ni wọ́n ti bá yín tò sínú ẹ̀. Data Change, nígbà tí nọ́ńbà tuntun bá ti ìta wọlé. Display State Change, nígbà tí ìṣètò bá yí padà, bíi kí ẹnì kan fi property node, àpótí tó ń yí ìṣètò kọ́ńtíróòlù padà láti inú block diagram, gbé ààlà sókè. Direction Change, tí wọ́n bá sọ ọ́ láti control, èyí téèyàn ń fọwọ́ yí, di indicator, èyí tó kàn ń fi nǹkan hàn (ẹ má fojú kékeré wo èyí, torí tó bá ti di indicator, ẹ gbọ́dọ̀ ti ohun tí wọ́n lè fọwọ́ fà pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kan á máa fọwọ́ fa omi sókè lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí táǹkì gidi gbẹ). Execution State Change ni ìgbà tí VI bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ tàbí tó dúró. Àwọn tó bá kù, bíi kí èèyàn fa ọ̀pá ààlà lórí táǹkì, ẹ̀yin lẹ máa fi Value Change tiwọn kún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan pàtó hàn yín. Ẹnì kan fọwọ́ fa ọ̀pá ààlà òkè láti 90 sí 80. Value Change ọ̀pá yẹn á ta, ẹ mú 80, ẹ fi sínú Display State. Ẹ rò pé ó ti tán? Kò tíì tán o. Cluster kan, ìyẹn àkójọ dátà, wà tó ń jẹ́ Action, ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: Data Changed?, State Changed?, àti Action Name. Tẹ́ ò bá sọ State Changed? di TRUE, LabVIEW ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, 80 yín ò ní dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Data Changed? náà bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá fa omi fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbàgbé ìyẹn, táǹkì á kún lójú, nọ́ńbà inú wáyà ò ní kúrò níbi tó wà, ẹ̀yin á wá máa wá kòkòrò níbi tí kò sí. Action Name wá ni orúkọ tó máa jáde ní Undo, ẹ kọ "Yí ààlà òkè" síbẹ̀, ẹni tó ń kọ páńẹ́ẹ̀lì á rí i nínú Edit, á sì lè dá a padà. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ìgbà tí mo rí i ni mo gbà pé àwọn tó ṣe é ronú nípa ẹni tó máa lò ó.

Èyí ló gbé mi dé ohun tí mo kà sí iyì XControl jù lọ, tí mi ò sì rí lára àwọn yòókù: ó ń ṣiṣẹ́ kí VI tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn gbé táǹkì sórí páńẹ́ẹ̀lì, ẹ ò tíì tẹ Run, ẹ fa ààlà, kálà yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè kọ right-click menu fún un kí ẹni tó ń lò ó yan "lítà" tàbí "ìpín nínú ọgọ́rùn-ún". Ẹ lè fi property àti method tiyín kún un, wọ́n á sì jáde nínú property node bíi ti kọ́ńtíróòlù tó bá LabVIEW wá gangan. Lójú ẹni tí ò mọ̀, ó lè rò pé National Instruments fúnra wọn ló ṣe é.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ apá kejì.

Àtúnṣe ẹ̀ le. Níwọ̀n ìgbà tí VI kan tó ní XControl yín nínú bá ṣì wà ní ṣíṣí, LabVIEW á ti fáìlì XControl náà pa. Kẹ́ ẹ tó lè fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́dọ̀ right-click ẹ̀ nínú Project Explorer kẹ́ ẹ yan Unlock Library for Edit, gbogbo VI tó ń lò ó á já títí dìgbà tẹ́ ẹ bá parí tẹ́ ẹ yan Apply Changes to All Instances. Mo mọ ìdí ẹ̀ o, nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ iṣẹ́ lọ́wọ́, èèyàn ò lè máa tú u palẹ̀ kó tún ní kó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má sú èèyàn, ní pàtàkì níbẹ̀rẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń yí nǹkan padà ṣáá, ṣí, tì, ṣí, tì. Tí wáyà kan ṣoṣo bá já nínú Facade, gbogbo páńẹ́ẹ̀lì tó ní táǹkì yẹn nínú ló máa já tẹ̀ lé e, ọfà Run á fọ́ níbi mẹ́fà torí ẹ̀bi ibì kan.

Èkejì ni State. Tẹ́ ẹ bá ti pín XControl yín fáwọn èèyàn, tí wọ́n ti séèfù ẹ̀ sínú VI tiwọn, tẹ́ ẹ wá fi ààlà kẹta kún State, Init yín gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gba State àtijọ́, kó wo vásọ̀n ẹ̀, kó sì sọ ọ́ di tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kí nǹkan ti dúró sójú kan kéèyàn tó sọ ọ́ di XControl nìyẹn, ẹ kọ ọ́ lásán ná, ẹ lò ó, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá sọ gbogbo ìsọkúsọ tó fẹ́ sọ nípa kálà tán, kẹ́ ẹ tó wá dì í.

Kí fífẹ̀ àti sísúnkì ẹ̀ náà rí bó ṣe yẹ, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Ẹni tó bá fà á tóbi máa retí kí táǹkì tóbi, kì í ṣe kí àyè funfun yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àwọn tí gbogbo èyí ti sú ló gbé QControl jáde. Kì í ṣe National Instruments ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, inú VI Package Manager, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń fi àfikún sínú LabVIEW, lẹ ti máa fi síi. Ọ̀nà tó gbà yàtọ̀ pátápátá: class ni, ìyẹn àdìpọ̀ dátà àti kóòdù tí òmíì lè jogún lára ẹ̀, irú èyí tó ti wà nínú LabVIEW láti 8.20 ní 2006. Ẹ gbé táǹkì lásán sórí páńẹ́ẹ̀lì, ẹ mú reference ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́ka sí i, ẹ fà á wọ inú class yẹn lórí block diagram, VI kan á wá máa sáré lábẹ́lẹ̀, òun lá máa gbọ́ event tí á sì máa yí kálà. Torí pé class ni, ẹ lè jogún: táǹkì epo lè jogún ohun gbogbo lára táǹkì omi kó wá yí ẹyọ kan padà. XControl ò lè ṣe ìyẹn, kò mọ ogún. Àtúnṣe ẹ̀ náà sì rọrùn, VI lásán ni, ẹ fi probe, tó ń fi dátà tó ń kọjá hàn, sórí wáyà, ẹ wò ó bẹ́ ẹ ṣe ń wo èyíkéyìí.

Ohun tó pàdánù ni pé kò ṣe nǹkan kan títí VI á fi bẹ̀rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ ń kọ lọ́wọ́, táǹkì lásán lẹ máa rí níbẹ̀. Ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ fa wáyà, kó dá class sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó pa á dé nígbẹ̀yìn, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan díẹ̀. Fún èmi tí mò ń kọ fún ara mi àti ẹnì kejì mi nínú láàbù, ìyẹn ò dùn mí rárá, QControl ni mò ń lò báyìí fún ohun tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tí mo bá mọ̀ pé tẹknísíànù kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pọ́ǹpù, tí kì í ṣe kóòdù, ló máa fa táǹkì yìí sórí páńẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, XControl ni màá fún un, màá jẹ ìyà àtúnṣe ẹ̀ dípò ẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa subpanel. Ìyẹn dáa tó bá jẹ́ ojú ìwé odindi lẹ fẹ́ máa pààrọ̀, bíi kí èèyàn tẹ "Ìṣètò" kí odindi VI míì yọ síbẹ̀. Fún táǹkì mẹ́fà, ó ti tóbi jù.

Ní ti owó, mi ò ní pe iye kankan torí ó ń yí padà, náírà náà sì ń yí padà. Community Edition ti LabVIEW wà láti 2020, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ ẹ ka ìwé àdéhùn ẹ̀ dáadáa: kì í ṣe fún òwò, kì í sì í ṣe fún iṣẹ́ yunifásítì. Àwọn tó ń kọ project ọdún ìparí, ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín ni kẹ́ ẹ ti béèrè bóyá wọ́n ní láísẹ́ńsì. Ẹni tó ń kọ́ ọ nílé fúnra ẹ̀, tó fẹ́ fi wo táǹkì ilé ẹ̀, tiyín ni Community Edition.

Ìṣòro kan tún kù tí kò kan XControl nìkan, VI kì í ṣe fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, Git, sọ́fítíwia tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, ò lè fi ìlà tó yí padà hàn yín bíi ti Python, ẹ máa nílò LVCompare, tó ń fi VI méjì wéra, kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀ láàárín méjì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ èèyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ lórí XControl kan náà lọ́jọ́ kan náà, ẹ yáa pín ọjọ́ láàárín ara yín.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Ti QControl, mẹ́rin. Ti Strict Type Def, márùn-ún pé pérépéré, torí kò ṣe ju ohun tó sọ pé òun máa ṣe lọ. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbìyànjú XControl, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí òfìfo, àpẹẹrẹ Dual Mode Thermometer tó bá LabVIEW wá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, tẹmómítà tó ń yí láàárín Celsius àti Fahrenheit ni, ẹ wo ibi tí wọ́n tọ́jú yíyàn yẹn sí nínú State, kẹ́ ẹ wá wo bí Facade ṣe ń lò ó.